Ẹ má tíì ta Micra yẹn: omi inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Olùkọ́ kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹ́rọ wa. Ní 2017 ni mo ra Nissan Micra tòkunbọ̀ kan, ọkọ̀ ọdún 2000, ẹ́ńjìnì 1.0, oní jíà ọwọ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, kò já mi kulẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan sẹ́yìn, ó ti ń gbóná tí mo bá ń lọ sí Adó, pàápàá tí a bá pé mẹ́rin nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnì ti gbó, àfi kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n tà á, kí a fi owó lé e ra òmíràn. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí, àti pé apá mi ò ká ọkọ̀ ńlá. Ṣé ọkọ̀ kékeré lè pẹ́ jù báyìí lọ nílẹ̀ olókè wa yìí?"

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìrìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín, ọ̀rọ̀ kan ló sì dúró sí mi lọ́kàn: "pàápàá tí a bá pé mẹ́rin." Ẹ́ńjìnì tó ti gbó tán kì í dúró de èrò mẹ́rin kó tó ṣàìsàn. Yóò máa mu ọ́ìlì, yóò máa yọ èéfín aláwọ̀ búlúù, agbára rẹ̀ yóò sì ti dínkù kódà tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ ò mẹ́nu ba ọ̀kankan nínú wọn. Ọkọ̀ tí kò rí ọ̀nà tú ooru rẹ̀ dà nù nígbà tí iṣẹ́ bá wúwo fún un lẹ ṣàpèjúwe fún mi. Ìyẹn ní ìtọ́jú tirẹ̀, owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ owó ẹ́ńjìnì rárá. Nítorí náà ẹ sọ fún bàbá ilé kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n tó wá oníbàárà.

Èmi náà ní Micra. Irú tiyín gan-an ni, ọkọ̀ 1999, mo rà á ní 2011, ó sì ti rìn ju 160,000 kìlómítà lọ lọ́wọ́ mi láàárín Adó, Ìjerò, Ìkéré, Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn. Láti ọjọ́ tí mo ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni mo ti ń kọ gbogbo lítà epo àti gbogbo náírà tí mo ná lé e lórí sínú ìwé kan. Nínú ìwé yẹn àti nínú ọkọ̀ àwọn oníbàárà tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Baṣírì, ní Adó, ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí: nínú ọkọ̀ kékeré mẹ́wàá tó kú sílẹ̀ Èkìtì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ooru ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín, torí mo rí i pé àwọn èèyàn ń fojú di í. Ọdún 1992 ni Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú Micra yín yìí, tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní K11. Ìlú Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù. Ní 1993 ó gba àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó dára jù lọ lọ́dún ní Yúróòpù, òun sì ni ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Japan àkọ́kọ́ tó gbà á. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kéré lóòótọ́, 998 cc ni, àmọ́ ó ní fáàfù 16, ṣéènì irin ló sì ń yí wọn, kì í ṣe bẹ́líìtì rọ́bà tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà, ṣéènì yẹn á pẹ́ gan-an. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì lítà 4 kan tó o, á sì ṣẹ́kù. Àwọn onítakisí Ìbàdàn tí wọ́n fi Micra kún gbogbo ìgboro kò ṣèèṣì yàn án. Wọ́n ṣírò rẹ̀ ni.

Ibi tó ti rọrùn láti pa á ni orí ẹ́ńjìnì, ìyẹn irin tó dé e lókè. Alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe é. Alumíníọ́mù fúyẹ́, ó sì ń tètè tú ooru dà nù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá ààlà, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó lè tẹ̀. Bó bá tẹ̀ báyìí, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín rẹ̀ àti ara ẹ́ńjìnì ò ní lè di ojú rẹ̀ pa mọ́. Omi á máa wọ ibi tí epo ti ń jó, iná á máa wọ ibi tí omi wà.

Mo mọ bó ṣe ń rí torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní oṣù Kejì 2012, nínú ọyẹ́, à ń lọ síbi ìsìnkú kan ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. A pé márùn-ún nínú ọkọ̀, àpò ìrẹsì kan wà nínú búùtù. Lẹ́yìn Àràmọ̀kọ, bí òkè ṣe bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ ooru kúrò ní àárín, ó ń gòkè. Mo rí i. Mo sọ lọ́kàn mi pé a máa tó dé. Kò pẹ́ tí họ́ọ̀sì òkè fi bẹ́, ooru bo gbogbo gíláàsì. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sáré gbé kẹ́ẹ̀gì omi tútù wá láti ràn wá lọ́wọ́, èmi náà sì dà á sínú ẹ́ńjìnì tó ṣì ń hó. Mo gbọ́ ohùn kan, "tá!" Orí ẹ́ńjìnì ti tẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo kọ́, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dúró, ṣùgbọ́n ìkánjú ìsìnkú wà lára mi. Bí mo bá dúró ìṣẹ́jú ogójì péré, orí ẹ́ńjìnì yẹn kì bá tí tẹ̀.

Nígbà tí mo tú u, mo rí ohun tó fà á gan-an. Ẹnì kan tó ti ní ọkọ̀ náà ṣáájú mi ti jẹ́ kí wọ́n yọ tẹ̀mósítáàtì rẹ̀ dà nù. Omi ẹ̀rọ lásán ló wà nínú rédíétọ̀, ìyẹn ibi tí omi ẹ́ńjìnì ti ń tutù níwájú ọkọ̀. Omi náà pupa bí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko, ìpẹtà sì ti dí ìdajì àwọn ihò tóóró tó yẹ kí omi máa gbà kọjá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín náà ṣe rí, torí mẹ́jọ nínú Micra mẹ́wàá tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi ló rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tẹ̀mósítáàtì yìí ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ dáadáa. Fáàfù kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣì tutù, á padé, kí omi inú ẹ́ńjìnì lè tètè gbóná. Bí omi bá gbóná dé nǹkan bí 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, á ṣí, kí omi lè lọ tutù nínú rédíétọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń sọ ni pé ìlú òtútù ni wọ́n ṣe é fún, pé àwa ò nílò rẹ̀. Òótọ́ ni pé bó bá bàjẹ́, tó wá padé mọ́ra, ẹ́ńjìnì á gbóná, yíyọ rẹ̀ á sì dà bí oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tí kò ní i kì í gbóná tó bó ṣe yẹ nígbà tí èrò kò pọ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé àárọ̀ kùtùkùtù ni, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú ìwé mi, kìlómítà 12 ni lítà kan ń gbé mi rìn nígbà tí kò sí tẹ̀mósítáàtì. Nígbà tí mo dá a padà, ó di 14. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí iye tí ìjọba fi ń ta epo kò tíì tó 200 náírà fún lítà kan, èèyàn lè gbójú fo ìyẹn. Kí 2024 tó parí, epo ti kọjá 1,000 náírà. Ta ló tún lè gbójú fò ó?

Irú iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń ṣe fún fáànù. Bó bá kọ̀ láti tan fúnra rẹ̀, wọ́n á so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì, á máa yí láti ìgbà tí ẹ bá ti tan ọkọ̀ títí ẹ ó fi pa á. Mọ́tò inú rẹ̀ á tètè jẹ tán. Bó bá kú lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́, ẹ ò ní mọ̀, àfi ìgbà tí ẹ bá rí ooru. Sẹ́ńsọ̀ tó ń tan fáànù kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí fáànù padà sí bó ṣe wà.

Omi wá ńkọ́? Omi lásán ń hó ní 100, níbi gíga bíi Adó ó tilẹ̀ máa ń hó díẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ohun tí kì í jẹ́ kó hó nínú ẹ́ńjìnì ni ìdérí rédíétọ̀. Ìdérí yẹn ń há atẹ́gùn mọ́ inú rẹ̀, ó sì ń sún ìwọ̀n tí omi ti máa hó sókè dé nǹkan bí 120. Bí rọ́bà ìdérí bá ti gbẹ, gbogbo agbára yẹn ti lọ nìyẹn. Omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó lórí òkè nígbà tí ẹ́ńjìnì kò tíì gbóná jù. Ìdérí tuntun ni ohun tó kéré jù lọ ní owó nínú gbogbo ohun tí mo ń kà yìí, òun sì ni mo máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ da kúláǹtì pọ̀ mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì. Kì í ṣe torí yìnyín. Kúláǹtì ló ń dá ìpẹtà dúró, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Ẹ rà á níbi tí wọ́n á ti fún yín ní rìsíìtì, torí omi tí wọ́n pa láró aláwọ̀ ewé wà ní ọjà.

Ní àárọ̀ Sátidé, kí ẹ tó tan ọkọ̀ rárá, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí fúnra yín. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ti sùn mọ́jú. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ gbígbóná láéláé, mo ti rí ojú tó bó nítorí rẹ̀. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ, kí ẹ sì ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Bí ohun funfun tó ki bí ògì bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi ti dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́ títí mẹkáníìkì á fi dé. Bí kò bá sí, ẹ ṣí rédíétọ̀, ẹ rọ omi sí i títí tó fi kún, kí ẹnì kan wá tan ọkọ̀. Ẹ wo ojú omi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Atẹ́gùn díẹ̀ lè jáde níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ìfòfó bá ń hó jáde láìdáwọ́dúró bí ẹni fẹ́ atẹ́gùn sínú ife omi, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Kódà nígbà yẹn, ẹ́ńjìnì kọ́ lẹ máa rà. Wọ́n á tú orí rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá ojú irin kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Ohun tí mo ṣe fún tèmi ní 2012 nìyẹn, ẹ́ńjìnì kan náà ló ṣì ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ lónìí.

Ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ rà, ẹ ò mọ ẹni tó lò ó, ẹ ò sì mọ̀ bóyá òun náà ti gbóná rí. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kùn ún, á máa dán. Mo ti rí èyí tó nọ́ọ̀kì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí olówó rẹ̀ ò rí ẹni tí yóò bá wí. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tuntun náà sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé ọkọ̀ yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá lójú ọ̀nà.

Ẹ bi mí bóyá ó lè pẹ́ nílẹ̀ olókè. Ó lè pẹ́ bí ẹ bá wà á bí ọkọ̀ kékeré. Tí ẹ bá ń gun òkè, ẹ tètè já jíà sílẹ̀ sí ìkẹta tàbí ìkejì kí ẹ́ńjìnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo kọ́ ní ọkọ̀ ló máa ń bẹ̀rù ariwo ẹ́ńjìnì, wọ́n á fi í sílẹ̀ ní ìkẹrin, wọ́n á tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń gbóná, torí omi àti ọ́ìlì kì í sáré tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹrù. Tí abẹ́rẹ́ bá ṣì ń gòkè, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ ooru inú ọkọ̀ dé òpin. Á mú yín làágùn, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, á bá ti iwájú ṣiṣẹ́. Bí wọn ò bá tíì dí i pa fún yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dí i.

Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má fi jíà sí fírì. Mo mọ̀ pé àwọn awakọ̀ wa gbàgbọ́ pé ó ń dín epo kù. Nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lo kàbúrétọ̀, wọ́n lè ní àwíjàre. Nínú ọkọ̀ yín, bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù nígbà tí jíà ṣì wọlé, kọ̀ǹpútà á pa epo rẹ́ pátápátá, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnì nígbà yẹn. Bí ẹ bá fi sí fírì, ẹ́ńjìnì á máa jẹ epo kó má bàa kú, bíréèkì nìkan ni yóò sì máa dá ọkọ̀ dúró. Epo bíréèkì tó ti pẹ́ máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ń hó bí bíréèkì bá gbóná, ẹsẹ̀ yín á wọlẹ̀ láìrí nǹkan mú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọdún méjì. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́, ẹ̀mí ni.

Ẹ dín ẹrù kù. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ Ìkọ̀lé ṣe rí lásìkò iṣu tuntun: gbogbo ẹbí tó wà ní Adó ló ń retí iṣu, ẹ ò sì lè wí pé rárá. Ṣùgbọ́n èrò mẹ́rin pẹ̀lú ọgbọ̀n iṣu nínú Micra 1.0, ẹ fún èrò méjì lówó ọkọ̀ èrò. Ṣọ́kì ẹ̀yìn tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pààrọ̀ rẹ̀, nǹkan oko ló sì fa méjì nínú rẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má sì jẹ́ kí epo rẹlẹ̀ ju ìdá mẹ́rin táǹkì lọ lọ́pọ̀ ìgbà, torí inú epo ni pọ́ǹpù ti ń tutù.

Nǹkan kan wà tó lè mú kí n gbà pẹ̀lú bàbá ilé pé kí ẹ tà á, ìyẹn ìpẹtà lábẹ́. Yúróòpù ni ọkọ̀ yín ti wá, wọ́n ń fọ́n iyọ̀ sójú ọ̀nà níbẹ̀ nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn sì ti jẹ ẹ́ kó tó wọ Kùtọ̀nù. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n fi orí sukudíráfà gún abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, àti irin iwájú níbi tí apá táyà ti so mọ́ ara ọkọ̀. Bó bá jẹ́ abẹ́ ilẹ̀kùn, wẹ́dà lè fi irin jó o. Ṣùgbọ́n bí irin iwájú bá dún pọ̀kọ̀, tí sukudíráfà wọlé, ẹ tà á fún ẹni tó ń tú ọkọ̀ tà, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún un. Ẹ́ńjìnì ṣeé tún ṣe, ṣéènì ṣeé pààrọ̀, ara ọkọ̀ tó ti jẹrà kò ní àtúnṣe tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lórí òkè.

Bí irin iwájú bá le, tí ìfòfó kò sì jáde nínú rédíétọ̀ ní Sátidé, ẹ ra ìdérí àti tẹ̀mósítáàtì tuntun, kí wọ́n fi omi mímọ́ ṣan inú rẹ̀ títí tí kò fi ní pupa mọ́, kí wọ́n da kúláǹtì sí i, kí ẹ wá gbé èrò mẹ́rin lọ sí Adó. Ẹ kọ ibi tí abẹ́rẹ́ dé sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, ní Ìfàkì àti ní Ìwòrókò, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Bó bá dúró ní àárín ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má tà á.